Ọdẹ Tó So Ṣaworo Mọ́ Orúnkún

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ na ẹsẹ̀ yìí sórí àpótí kí n tó la ẹnu. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀; kì í ṣe ìgbéraga, ẹsẹ̀ náà ló ń pàṣẹ, èmi ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ń jẹ́. Èmi Ọdẹ́sànmí tí ẹ ń wò yìí, mo ti pa ẹfọ̀n nígbà tí àwọn kan nínú yín ṣì ń rákòrò, mo ti bá amọ̀tẹ́kùn mu omi nínú odò kan náà, òun lápá òkè, èmi nísàlẹ̀, a ò sì bá ara wa jà. Ṣùgbọ́n ìtàn òní kì í ṣe ti ẹran tí mo pa, nítorí mi ò pa ẹyọ kan. Ìtàn ẹsẹ̀ ni, ó sì ti rẹ̀ mí kí n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ìtàn tí ọdẹ ti ń yìnbọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kó dìde báyìí kó máa lọ sílé Ògúngbèjà. Òun ló ní irú rẹ̀ lọ́pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú ẹran tó ní òun pa ṣì ń jẹ koríko kiri nínú igbó di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ ìlú wa kò ní mọ ohun tí à ń pè ní Eré Ìjogún. Ìdílé ọdẹ kọ̀ọ̀kan ló ní igbó tirẹ̀ lọ́dọ̀ wa, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dọdẹ nínú igbó ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n àwọn baba ńlá wa sọ pé igbó kì í ṣe ti ẹni tó ń sùn. Ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, ìdílé kọ̀ọ̀kan á mú ọkùnrin kan jáde, á sáré láti abẹ́ igi àràbà ẹ̀yìn ìlú títí dé Òkè Agbárí, á fi osùn tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mọ́ ara àpáta, á sì sáré padà wá kí oòrùn tó wọ̀. Ẹni tó bá ṣíwájú gba ìyìn, kò gba nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti wọ̀, àwọn àgbà ọdẹ á fi màrìwò dí ojú ọ̀nà, ìdílé tí ọmọ rẹ̀ bá sì bá màrìwò lójú ọ̀nà, igbó rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn nìyẹn. Ẹ̀bẹ̀ kò sí níbẹ̀. Àìsàn kì í ṣe àwíjàre.

Ìdílé tiwa ló ni Igbó Olóbì. Bàbá mi ti kú, ẹ̀gbọ́n mi ti tẹ̀ lé e, èmi sì rèé, obìnrin ni gbogbo ọmọ tí mo bí. Àárín igbó náà ni abà wa wà, níbẹ̀ ni ìyá mi, Àbẹ̀jẹ́, sì ń gbé láti ọjọ́ tí bàbá mi ti gbé e níyàwó. Ibojì bàbá mi wà lẹ́yìn ilé ìdáná rẹ̀. Bí igbó bá lọ, abà ti lọ nìyẹn, arúgbó á wá kó ẹrù jáde kúrò nílé ọkọ rẹ̀ lójú ayé, ẹlòmíràn á sì máa dáná níbi tí ọkọ rẹ̀ sùn sí. Ohun tí mi ò lè rí kí n sì wà láàyè nìyẹn. Wọ́n ní àgbàlagbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Bí ẹ bá gbọ́ pé èmi tí ewú ti bo orí mi sáré, ẹ ti mọ ohun tó ń lé mi.

Mo ti sá eré náà lẹ́ẹ̀mejì rí, mo sì dé nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè téńté. Ṣùgbọ́n ọdún tí mò ń wí yìí, eré ku oṣù díẹ̀ ni mo já bọ́ láti orí ẹ̀gùn mi. Ẹ̀gùn ni pẹpẹ tí ọdẹ ń so mọ́ orí igi láti dọdẹ. Òjò ti rọ̀ sórí ìrókò náà, ara igi ń yọ̀, èmi tí ọ̀bọ ń wá kọ́ igi gígùn lọ́dọ̀ mi wá ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, mo tún ń súfèé. Mi ò mọ ìgbà tí ẹsẹ̀ yẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí mo délẹ̀, orúnkún mi ọ̀tún kọjú sí ìlà oòrùn, èmi kọjú sí ìwọ̀ rẹ̀.

Bàbá kan tó ń to eegun ní ìlú wa, Bàbá Jagunlabí, ló fà á bọ̀ sípò. Mi ò ní sọ ohun tí mo ké jáde lọ́jọ́ náà, nítorí àwọn obìnrin wà níjòókòó. Ó fi òrí pa á, ó fi ọparun dì í yíká, ó ní kí n jókòó. Ẹ gbọ́ o, mo ti rìn títí tó rẹ̀ mí rí, ṣùgbọ́n ìjókòó yẹn rẹ̀ mí ju ìrìn lọ. Kí oòrùn yọ kó bá ọ lórí ẹní, kó wọ̀ kó fi ọ́ síbẹ̀. Kí ewúrẹ́ wá jẹ èlùbọ́ lójú rẹ, kí o máa fi ẹnu lásán lé e. Ìyàwó mi Wúràọlá á kọjá, á ní, "Bàbá Adúnọlá, ẹ ti ka ewé orí igi mángòrò yìí tán báyìí. Ẹ jẹ́ n gbé àga yín yí sí ọ̀dọ̀ ìkejì." Ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n mo rí i tó ń wo orúnkún náà bí ìgbà tí èèyàn ń wo òrùlé tó ń jò.

Nígbà tí Bàbá Jagunlabí tú ọparun kúrò, ó tẹ orúnkún níhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́hùn-ún. Ó ní, "Ọdẹ́sànmí, ẹsẹ̀ ti jinná, ṣùgbọ́n kò tíì gbàgbé. Má fipá mú un." Mo ní, "Bàbá, eré ń bọ̀." Ó ní, "Mo gbọ́. Eré mọ ọ̀nà ilé rẹ, orúnkún náà mọ̀ ọ́n. Èwo nínú wọn lo fẹ́ kó ṣíwájú?" Mo gbé ìbọn mi, mo di àpò mi, mo sì wọ Igbó Olóbì lọ, nítorí ojú ń tì mí kí ará ìlú máa wò mí bí mo ṣe ń tiro.

Ìyá mi gbé ẹ̀bà síwájú mi, ó jókòó tì mí. "Ọmọ mi," ó ní, "ṣé dandan ni eré yìí?"

Mo ní, "Ìyá mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí mo bá máa fi ìdí wọ́ dé Òkè Agbárí, kò sẹ́ni tó máa lé yín kúrò nílé ọkọ yín."

Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ojú mi. "Kò burú," ó ní. "Jẹun." Ó dìde lọ wo iná.

Ní ọjọ́ kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹsẹ̀ náà ní ìrìn ní ọ̀nà ẹ̀yìn odò. Mo gba ọ̀nà náà dé ibi tí àwọn igi ńlá ti fa ọwọ́ pọ̀ mọ́ ara wọn, mo sì rí ẹnì kan tó ń bọ̀ níwájú mi. Kí n tó sọ bó ṣe rí, kí ẹni tó bá ń gbé ọmọ pọ̀n dì í dáadáa. Ó ga bí ọ̀pẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so, ara rẹ̀ rí ṣákáṣàka bí èèpo igi, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí mi, síbẹ̀ ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ṣẹ́ sẹ́yìn, bíi ti adìyẹ. Ìbọn mi ti wà léjìká, ìka mi ti wà nídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, mo sì sọ ìbọn kalẹ̀.

"Ta ló ń yọ́ bọ̀ lójú ọ̀nà mi?" ló wí, kò yíjú.

Mo ní, "Èmi Ọdẹ́sànmí ni, ọmọ a-rí-ẹkùn-má-sá, ọmọ a-fi-ìrù-ẹfọ̀n-lé-eṣinṣin, a-wọ-igbó-kí-igbó-mì-tìtì..."

"Ó tó," ó ní. "Ẹni tí igbó ń mì fún kì í tiro. Èmi ni Eléékún-Ṣẹ́yìn, èmi ni mò ń ṣọ́ ojú ọ̀nà. Ẹ̀yin ń rí ibi tí ẹ ń lọ. Èmi ń rí ibi tí ẹ ti ń bọ̀. Mo rí tìẹ, mo sì káàánú. Dá mi lóhùn: kí ló ń gbé gbogbo ara tí ẹnikẹ́ni kì í kí i, àfi ọjọ́ tó bá bínú?"

Mo ní, "Orúnkún ni."

"O gbọ́n. Kí ni àgbà ń wá kiri tí ọmọdé ń sá fún, bẹ́ẹ̀ orí ẹní ni àwọn méjèèjì ti ń bá a pàdé?"

Mo ní, "Oorun ni." Ó wà lẹ́nu mi tẹ́lẹ̀, òun gan-an ni mò ń wá lọ́jọ́ náà.

"Ó ku ọ̀kan. Kí ni ọdẹ fi ń pa ẹran, tó sì fi ń pa ara rẹ̀?"

Mo ní ìbọn ni. Ó ní rárá. Mo ní ìgbéraga ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyẹn náà súnmọ́ ọn, ṣùgbọ́n rárá. Mo ní oògùn ni, ìyàn ni, ìyàwó ni. Ó ní kí n fi ìyàwó mi sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Nígbà tí gbogbo ọgbọ́n mi tán, ó fi ọwọ́ gígùn rẹ̀ tọ́ka sílẹ̀ lẹ́yìn mi. "Wo ojú ẹsẹ̀ rẹ."

Mo wò ó. Ìka ẹsẹ̀ nìkan ló wà lórí ilẹ̀ títí dé ibi tí ojú mi lè rí i dé. Kò sí gìgísẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọdẹ tó wà níbí, ẹ mọ ohun tó ń sọ. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé kí a máa yọ́ rìn, kí a tẹ orúnkún díẹ̀, kí a fi ìka ẹsẹ̀ dán ilẹ̀ wò kí ewé gbígbẹ má baà ké. Ó ti di bí a ṣe ń mí. Mò ń yọ́ lọ sí ilé ìyàgbẹ́, mò ń yọ́ lọ sọ́jà, Wúràọlá ti fi ìgbákọ lù mí rí nítorí pé mo yọ́ sí i lẹ́yìn láìmọ̀. Eléékún-Ṣẹ́yìn ní, "Gìgísẹ̀ rẹ kò mọ ilẹ̀. Gbogbo ara rẹ ló ń rọ̀ mọ́ orúnkún láti ìgbà èwe rẹ. Nígbà tó le, ó ń gbà á mọ́ra. Ní báyìí tó ti fọ́, o ṣì ń lúgọ fún ẹran lórí rẹ̀. Báwo ló ṣe fẹ́ san?"

Mo bi í léèrè ohun tí n ó ṣe. Ó tẹ̀, ó fi ọwọ́ wá abẹ́ ewé, ó sì mú ṣaworo kan jáde, irú èyí tí à ń so mọ́ ọrùn ajá ọdẹ kí a lè mọ ibi tó sáré gbà. "So èyí mọ́ orúnkún náà," ó ní. "Tẹ gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀, kó máa dún. Bó bá ń dún, ò ń rìn. Bó bá dákẹ́, ò ń yọ́. Níwọ̀n ìgbà tó bá wà lẹ́sẹ̀ rẹ, o kò gbọdọ̀ yìnbọn, nítorí igbó máa fi ọkàn tán ìró náà. Bí o bá tan igbó jẹ, n ó gba ìrìn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ rẹ lọ́wọ́ rẹ."

Omi bọ́ lójú mi, mi ò fi pa mọ́ fún yín. Èmi ọdẹ, kí n máa dún kiri bí ajá! Ṣùgbọ́n mo ronú kan ìyá mi, mo so ó.

Mi ò ní fi ìrìn ojoojúmọ́ dá yín lágara, nítorí pé ó dá èmi gan-an lágara. Mo rìn títí tí ìrìn di sísáré díẹ̀, mo sáré díẹ̀ títí tí ó di sísáré. Bí mo bá gun òkè, orúnkún á gbóná bí ìkòkò. N ó lọ rì í bọ odò, n ó fi òrí pa á, n ó jókòó kí n máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bẹ ìyàwó tó fẹ́ kọni. Ọjọ́ kan á gbà, inú mi á dùn, n ó kọrin wọ abà. Ọjọ́ kejì kò ní jẹ́ kí n dìde lórí ẹní. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa rò pé agbára ni wọ́n fi ń sáré. Irọ́ ni. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń bá orúnkún tó fọ́ ṣeré. Ó rẹ̀ mí. Ó rẹ̀ mí dé ibi tí mo fi ń jí pẹ̀lú àárẹ̀, bí ẹni pé ẹlòmíràn ti lo ara mi kí n tó jí.

Ohun ìyanu tó wà níbẹ̀ ni àwọn ẹran. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ń gbọ́ mi láti òkèèrè, wọ́n ń sá. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé ìró yìí kò pa ẹnikẹ́ni. Àparò kò kúrò lójú ọ̀nà fún mi mọ́, òkété á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró á máa wò mí, ìgalà á gbórí sókè bí ẹni rí aládùúgbò, á tún máa jẹ ewé rẹ̀ lọ. Ẹ wo ọkàn ọdẹ! Ẹran tí mo ti fi ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò lé kiri ń kí mi káàárọ̀. Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Èmi tilẹ̀ ń ro ìṣẹ́ àti ìyà lójoojúmọ́, kò sí ẹran tí mo fẹ́ fi ṣahun.

Eré ku bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni àgbọ̀nrín kan yọ sí mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí àgbọ̀nrín, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ara rẹ̀ ń dán, ọrùn rẹ̀ nípọn bí àgbá, ó kẹ́yìn sí mi níbi tí ó ti ń jẹ èso. Ọwọ́ mi ló ṣe é, kì í ṣe èmi. Ọwọ́ já ewé, ó rún un, ó kì í bọ inú ṣaworo títí tó fi yadi. Orúnkún tẹ̀ fúnra rẹ̀, gìgísẹ̀ gbéra nílẹ̀, mo sì ń yọ́ lọ. Ó dùn mọ́ mi. Ó pẹ́ tí nǹkan ti dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Mo gbé ìbọn, mo fà á, orúnkún sì yẹ̀ bí mo ṣe ń fà á. Ìbọn dún sókè, ewé já bọ́ lé mi lórí, àgbọ̀nrín ti lọ. Èmi wà nílẹ̀, mo di ẹsẹ̀ mú, mò ń ké. Níbi tí mo ti ń ké ni mo ti gbọ́ tí àbàtà ẹ̀gbẹ́ mi ń mí. Ẹfọ̀n ni. Ìró ìbọn ló jí i. Ó jáde pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń fi ẹsẹ̀ wa ilẹ̀, ìbọn mi sì ti ṣófo, bẹ́ẹ̀ ṣakabùlà kì í ṣe ohun tí à ń kì ní wàràwàrà. Wọ́n ní ibi tí kò bá ti sí eré sísá, tí kò sí igi gígùn, orí nìkan ló kù fún èèyàn. Mo ké pe orí mi. Ọwọ́ mi bá bọ́ sórí ṣaworo, mo fa ewé inú rẹ̀ yọ, mo sì ń fi orúnkún tó ń ro mí gooro gbọn ọ́n: ṣaworo, ṣaworo, ṣaworo.

Ẹfọ̀n dúró. Ó gbé imú. Ó ti gbọ́ ìró náà lójoojúmọ́ tó ń kọjá lẹ́yìn àbàtà rẹ̀, kò sì ṣe é ní nǹkan rí. Ó wò mí títí, ó fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí mi lójú, ó yípadà, ó sì wọ inú ẹrẹ̀ rẹ̀ padà lọ bí àgbàlagbà tí wọ́n jí láìnídìí. Bí mo ṣe bọ́ nìyẹn.

Nígbà tí mo gbójú sókè, Eléékún-Ṣẹ́yìn dúró tì mí. Kò bínú. Ìyẹn gan-an ló dùn mí. Ó ní, "Ẹni tó bá yọ́lẹ̀ dà, ohun burúkú á máa yọ́ ọ ṣe." Ó bẹ̀rẹ̀, ó kó iyẹ̀pẹ̀ ojú ẹsẹ̀ tí mo fi yọ́ lọ bá àgbọ̀nrín, ìka nìkan, láìsí gìgísẹ̀, ó pọ́n ọn sínú ewé, ó sì fi sábẹ́ apá. "Dìde," ó ní. "Tún bẹ̀rẹ̀." Ó fi ẹ̀yìn rìn lọ, ojú rẹ̀ ń wò mí títí igi fi bò ó. Láti ọjọ́ náà, mi ò lè yọ́ rìn mọ́. Ewé ń ké lábẹ́ mi, igi ń ṣẹ́, ẹyẹ ń fò. Ẹ pe èmi ní ọdẹ o, ẹ ṣeun. Ó ti di orúkọ lásán.

Mo tún bẹ̀rẹ̀. Kí ni mo lè ṣe? Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, láti rírìn, láti òrí àti odò.

Ọjọ́ eré pé, ipè dún lábẹ́ àràbà. Ògúngbèjà, ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le bí ìdí ìrókò, wo ẹsẹ̀ mi. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ṣé ajá yín ò ráyè wá ni, tí ẹ fi gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Àbúrò, máa sáré lọ, ìró mi kò ní jẹ́ kí o sọnù." Wọ́n sáré, wọ́n fi mí sílẹ̀ sínú eruku. Mi ò lé wọn. Gìgísẹ̀ mọ́lẹ̀, ṣaworo ń dún, òkè kan, àfonífojì kan. Ìgbà tí mo ń gun Òkè Agbárí, gbogbo wọn ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, kò sẹ́ni tó kí mi nínú wọn, èémí kò sí. Mo tẹ àtẹ́lẹwọ́ mi mọ́ àpáta nísàlẹ̀ ti ẹ̀gbọ́n mi tó ti ṣí díẹ̀. Mo fẹ́ sunkún níbẹ̀, kò sí àyè.

Bí mo ṣe ń padà bọ̀ ni mo dé ibi ìbòòji kan tí mi ò mọ̀ nígbà tí mò ń lọ. Iwin kan wà níbẹ̀, ó sanra, ó funfun bí èlùbọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́, ó jókòó ti omi tútù, àpótí tó dára sì wà yí i ká. Jókòó-Ná ni wọ́n ń pè é. Ta ni mo rí lórí ọ̀kan nínú àpótí náà? Ògúngbèjà ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi, ojú rẹ̀ ti pa dé ìdajì.

"Ọdẹ́sànmí, káàbọ̀," ni Jókòó-Ná wí, ohùn rẹ̀ dùn bí oorun ọ̀sán. "Ó ti rẹ̀ ọ́."

Mo ní, "Ó ti rẹ̀ mí."

"Orúnkún ń ro ọ́."

"Ó ń ro mí."

"Kí ló dé tí o kò jókòó ná?"

Ẹ̀rín pa mí, ẹ̀rín tó rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, bí ẹ bá rí mi kí n tó ṣubú lórí ìrókò, ẹ bá rí mi mú. Láti ìgbà náà, mo ti jókòó tó. Mo jókòó títí tí ìjókòó fi dìde lára mi. Mo ti mọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, kò sí èyí tó ṣẹ́kù tí ẹ fẹ́ fi hàn mí." Ojú rẹ̀ bàjẹ́. Mo fa Ògúngbèjà létí, kò mira. Mo gbá a létí, ó la ojú. Ó wo oòrùn, ó pariwo, ó fò dìde, ó sì sáré kọjá lára mi láìdúpẹ́. Títí dòní, ó ń sọ fáyé pé èmi ni òun dúró dè.

Èmi ń bá eré mi lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo rí àràbà, oòrùn ti kan orí òkè, àwọn àgbà ti dìde, wọ́n ti mú màrìwò lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn wò mí, ó wo oòrùn, kò sì yára. Mi ò mọ̀ bóyá ọwọ́ rẹ̀ ló ń dùn ún ni tàbí ó káàánú mi. Mo kọjá lábẹ́ màrìwò, mo sì wó lulẹ̀. Wọ́n ní, "Igbó Olóbì ṣì jẹ́ tiyín." Mo ní kí wọ́n má gbé mi dìde o.

Ilẹ̀ mọ́, mo gba ọ̀nà abà lọ láti lọ fún ìyá mi ní ìròyìn. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ náà pọ̀ lójú ọ̀nà. Mo dé ẹnu abà, mo bá a níbi tó jókòó sí lórí ẹrù tí a dì dáadáa, ó wọ aṣọ òde, ó wé gèlè, bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Báwo ló ṣe rí?" ló bi mí.

Mo ní, "Tiwa ni, ìyá mi! Mo dé kí oòrùn tó wọ̀! Kò sẹ́ni tó lè lé yín mọ́."

"O ṣeun, ọmọ mi," ó ní. "O kú iṣẹ́." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn ẹrù rẹ̀.

Mo ní, "Ìyá mi, ẹrù kí nìyí?"

"Mo rò pé o kò ní lè sá a tán ni."

"Ẹ wá ti dì í kí wọ́n tó wá lé yín?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí okùn. "Ta ló fẹ́ lé mi? Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú ni ibí yìí ti sú mi. Omi jìnnà. N ò rí ẹni bá sọ̀rọ̀, àfi bí adìyẹ bá wọlé. Mo fẹ́ wà nítòsí àwọn ọmọ Wúràọlá, kí n máa gbọ́ ariwo wọn. Ṣùgbọ́n ilé ọkọ yín, ilé ọkọ yín, ni ò ń wí ṣáá. Mo ní kí n má bà ọ́ lọ́kàn jẹ́. Mo ní bí o kò bá sá a tán, á jẹ́ pé Ọlọ́run ló bá mi sọ ọ́."

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Ó ní, "Ìwọ náà, ṣé o bi mí ni?"

Mo wo igbó tó yí wa ká, igbó tí mi ò lè dọdẹ nínú rẹ̀ mọ́, tí ìyá mi kò sì fẹ́ gbé. Mo tẹ̀, mo so okùn náà padà, mo gbé ẹrù lé orí. Ìyá mi ní, "Orúnkún rẹ ńkọ́?" Mo ní kó máa bọ̀. Ó lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, ó bá bàbá mi sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó sì jáde wá. A gba ọ̀nà ìlú. Mo rò pé èmi ni n ó máa dá a dúró, àfi ìgbà tí mo bojú wẹ̀yìn tí mo rí i tó di igi mú, tó ń rọra gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, tó ń bu ètè jẹ. Mo bi í, nígbà yìí, mo bi í. Ó ní ó ti tó ọdún mélòó kan tí orúnkún òun náà ti ń dun òun.